Ọjọ́ Tí Wọ́n Bú Agùntáṣọọ́lò Lórí Tẹlifíṣàn

Òórùn fùfú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ilé wa ní Erúnmu, kí ẹnikẹ́ni tó kí i káàbọ̀. Ìyá ọkọ mi a máa rẹ ẹ̀gẹ́ sínú àwọn àgbá aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn ilé, bó bá sì ti ń kan, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agboolé, á wọ inú aṣọ, á wọ inú irun, débi pé bí mo bá wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti ra òwú àti bọ́tìnnì, mo máa ń rò pé àwọn tá a jọ wà nínú ọkọ̀ ti mọ irú ilé tí mo ti ń bọ̀. Ojú kì í tì mí. Inú òórùn yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ilé ọkọ, inú rẹ̀ náà ni mo wà lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, tó ní òun wá wo ilé tí àbúrò ọkọ mi dàgbà sí.

Agùntáṣọọ́lò ni mo máa ń pe àbúrò ọkọ mi yìí, nítorí mo bá a nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ìyàwó kì í sì í forúkọ pe ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ó ga, ó mọ aṣọ wọ̀, orúkọ náà bá a mu. Eré sinimá ló ń ṣe. Bí o bá ti rí fíìmù tí olówó kan ti fi agbádá jókòó sínú pálọ̀ ńlá, tó ń lé ìyàwó rẹ̀ jáde, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ òun. Gbogbo Erúnmu ló ń pè é ní ọmọ wa, títí kan àwọn tí kò kí i nígbà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé.

Ọmọbìnrin tó wá yẹn kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ̀ lé e gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Mo fún wọn lómi tútù, wọ́n mu ún. Ó bi mí léèrè yàrá tí Agùntáṣọọ́lò ń sùn nígbà tó wà lọ́mọdé, mo nawọ́ sí fèrèsé rẹ̀ láti iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbójú sókè wo òrùlé, ó wò ó pẹ́.

"Mọ́mì, ṣé páànù àtijọ́ náà ṣì rèé?"

Mo ní òun ni. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn nípa ọjọ́ tó jábọ́ lórí igi àgbálùmọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kan yẹ̀, tó sì di àgbálùmọ̀ mú gírígírí ní ọwọ́ kejì títí wọ́n fi gbé e délé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó rí wa tí à ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó dúró gbọ́ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó lọ, ó ní wọ́n fẹ́ ṣe ètò ńlá kan fún Agùntáṣọọ́lò lórí tẹlifíṣàn. "Wọ́n fẹ́ róòsì wọn ni, Mọ́mì." Mo ní kí ni wọ́n ń pè ní róòsì. Ó ní àwọn aláwàdà á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á máa bú u lójú ara rẹ̀, wọn á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á jókòó síbẹ̀, á máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní àpọ́nlé ni. Mo ní ta ni wọ́n ń bú tí wọ́n tún ń sọ pé àwọn ń pọ́n lé? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò bá tíì dé ipò kan, ta ni yóò wá àyè bú u?

Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà nílé, ọkọ mi ní òun ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi, ó fẹ́ràn kó máa túmọ̀ nǹkan fún èèyàn. Ó ní àwọn Òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé ohun tí róòsì túmọ̀ sí gan-an ni kéèyàn sun nǹkan lórí iná, bí ẹní sun iṣu.

Ìyá gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. "Kí wọ́n sun ọmọ mi?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, Ìyá. Wọn ò ní dáná."

"Kí ló wá ń kọ́kọ́ dáná bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu?" Wọ́n padà sídìí ẹ̀gẹ́ wọn.

Èmi náà fura. Mo mọ èébú dáadáa. Mo ti bá orogún ìyá mi jà rí, mo ti bá àwọn tí kò tètè wá gbé aṣọ wọn jà. Ṣùgbọ́n èébú tí mo mọ̀, inú ló máa ń bí èèyàn kó tó jáde, bó bá sì jáde tán, àwọn àgbà á bá wọn parí rẹ̀. Kí inú má bí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n jókòó kọ èébú sílẹ̀, kí wọ́n há a sórí, kí wọ́n wọ kóòtù wá bú èèyàn, kí ẹni tí wọ́n ń bú sì wọ èyí tó dáa jù nínú aṣọ rẹ̀ wá gbà á, ó rí bákan lójú mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tí wọ́n bú tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ètò náà bọ́ sí. Ilé tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wo bọ́ọ̀lù ni gbogbo wa kóra jọ sí, nítorí tẹlifíṣàn ibẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sì í kọṣẹ́. Èéfín bẹntiróò pọ̀ mọ́ òórùn ẹ̀pà àti ti òógùn, àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀, àwọn àgbà wà lórí àga. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ wọn lásán. Wọ́n gbé àga alápá fún wọn níwájú pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni àbúrò bàbá ọkọ mi jókòó sí, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, Àlàájì ni wọ́n, tẹ̀sùbáà wọn wà lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán Agùntáṣọọ́lò jáde, ariwo sọ. Wọ́n ti gbé e jókòó sórí àga ńlá kan bí ọba, aṣọ rẹ̀ ń dán. Aláwàdà àkọ́kọ́ ní bí iná bá lọ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, orí pípá Ọ̀gá ni wọ́n ń tan kámẹ́rà sí kí wọ́n lè ríran. A rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní Ọ̀gá ti kú nínú fíìmù débi pé àwọn tó ń kan pósí ò wọn gígùn rẹ̀ mọ́, wọ́n á kàn ní kó wá gbé tiẹ̀. A tún rẹ́rìn-ín, Bàbá Kékeré pàápàá fi tẹ̀sùbáà bojú. Mo yọjú wo Ìyá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ èdè tí kò gbọ́ dáadáa. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo rò ó pé bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní róòsì náà kò ju báyìí lọ.

Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan jáde tó wọ ṣòkòtò pupa. Mo dá a mọ̀ kó tó la ẹnu. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo dìde dúró láàárín èrò. "Mo mọ̀ ọ́n! Ọmọ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi! Èmi ni mo fún un lómi mu!" Gbogbo ilé yíjú sí mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni pé èmi náà wà lórí tẹlifíṣàn.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé ilé Ọ̀gá. Mo rí òrùlé wọn. Ní gbogbo Nàìjíríà, kò sí òrùlé tó jò tó òrùlé yẹn. Ọ̀gá ti ń hu irùngbọ̀n, òrùlé ṣì ń jò sí wọn lára. Nígbà òjò, ó ń jò. Nígbà ọyẹ́, ó ń jò. Ibi tó sì ń jò sí nínú gbogbo ilé, orí ẹní Ọ̀gá nìkan ni!"

Àwọn èèyàn inú tẹlifíṣàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lu ara wọn. Ó gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Màmá wọn á sá ẹní síta, wọn á ní ẹ ò rí ìyà tí òrùlé yìí fi ń jẹ wá! Wọ́n pe káfíńtà. Káfíńtà gòkè, ó wá ihò títí, kò rí ihò. Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni káfíńtà ṣe máa rí ihò? Ìsàlẹ̀ ni ihò wà!"

Ẹ̀rín bú nínú tẹlifíṣàn, ó bú nínú ilé bọ́ọ̀lù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀ láti iwájú wá sẹ́yìn, bí àwọn èèyàn ṣe ń rántí ẹni tó jókòó sórí àga alápá. Ìyá dìde. Wọ́n gbá etí sùtánà wọn jọ kí ó má gbá ilẹ̀, wọ́n la àárín àwọn ọmọdé kọjá láìtẹ ẹnì kankan, wọ́n jáde sínú oòrùn. Èmi àti ọkọ mi tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣe wo ètò náà dópin.

Ó yẹ kí n jẹ́ kó yé ọ. Òótọ́ ni pé Agùntáṣọọ́lò ń tọ̀ sórí ẹní títí ó fi ń di gìrìpá. Bàbá wọn tó ti kú jẹ́ ẹni tó le, wọ́n ti búra pé ọmọkùnrin tó bá tún tọ̀ sílé, àwọn á gbé ẹní náà rù ú, á sì fi yí gbogbo Erúnmu ká, kí àwọn ọmọdé máa kọrin tẹ̀ lé e. Ìyá wá ń jí ṣáájú ọkọ wọn. Wọ́n á bu omi sórí ẹní ọmọ náà, wọ́n á bu díẹ̀ sára ògiri, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú òrùlé. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi bú òrùlé tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n bú u débi pé ọkọ wọn pe káfíńtà, káfíńtà lu páànù tuntun mọ́ ibi tí kò lu. Ọmọ náà dàgbà, ó ṣíwọ́, kò sì sí ẹni tó gbé ẹní rù ú.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ìyá ló sọ fún mi. Àkọ́bí mi obìnrin ń tọ̀ sílé, mo sì ti mú pàṣán lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n wọlé, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. "Má nà án. Bu omi sí i." Wọ́n jókòó, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Agùntáṣọọ́lò tó ń bá a sùn lórí ẹní kan náà mọ̀, ìyẹn ọkọ mi, pé lẹ́yìn òun, èmi ni mo tún gbọ́ ọ. Àtọjọ́ náà ni mo ti gbà pé mo ti di ọmọ ilé. O mọ̀ pé ìyàwó lè bímọ márùn-ún fún wọn kí wọ́n má tíì fi ọ̀rọ̀ ilé hàn án.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, Ìyá dá ìkòkò tiwọn kaná. Wọn kò bá mi jà, wọn kò fajú ro sí mi. Wọ́n kàn gbé ààrò kékeré wọn jáde síwájú yàrá wọn, wọ́n sì se ẹ̀fọ́ tiwọn, àwọn tí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́ mi láti ọdún yìí wá. Mo gbé ọbẹ̀ lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti jẹun, ìyàwó." Wọn kì í pè mí ní ìyàwó tẹ́lẹ̀. Ìyá ọmọ mi ni wọ́n máa ń pè mí.

Níta, àwàdà náà ti di ti gbogbo ìlú. Bí mo bá ń lọ ra ata, ẹnì kan á kí mi pé ṣé òrùlé yín ti ṣíwọ́ jíjò. Káfíńtà àtijọ́ yẹn, bàbá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti wá sọ pé òun ti sọ ọ́ nígbà náà pé òun ò rí ihò, wọ́n ní ojú òun ò ríran. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì tún fẹ́ pọ́n. Àwọn kan kì í rẹ́rìn-ín o. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á wo ẹ̀rọ ìránṣọ mi, wọ́n á wo bẹ́ǹṣì mi, wọ́n á ní, "Àbí ibí yìí náà ni ọmọ yẹn jókòó sí?" Wọn á wá dìde lọ.

Bàbá Kékeré pe ìpàdé ilé. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká fi wé ọdún Òkè'Bàdàn. Lọ́jọ́ yẹn, ta ni wọn kì í bú? Ọmọdé ń kọrin ìdí àgbà sí àgbà létí, kò sì sí ẹni tó ń jà."

Ìyá dáhùn. "Lọ́jọ́ Òkè'Bàdàn, gbogbo ìlú ló ń bú gbogbo ìlú. Bí ẹ bá bú mi, màá bú yín padà kí ẹ tó dé kọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ti bú mi yìí, ta ló gbé máìkì fún mi?"

Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀sùbáà wọn. Ìyá wá ní, "Ẹni mẹ́ta ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi, ọmọ mi yìí, àti ìyàwó rẹ̀. Èmi ò bá àlejò sọ̀rọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní mo lè fi Bíbélì búra. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Mi ò ní kí o búra. Ṣé mo dárúkọ ẹnì kan ni?" Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń fi èékánná yọ ọ̀rá ẹ́ńjìnnì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dùn mí ju ọ̀rọ̀ Ìyá lọ, ó sì gbin nǹkan sí mi nínú. Mo lọ bá a níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo ní kó jáde lábẹ́ mọ́tò tó wà.

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí pẹ́. "Ìwọ ni èmi náà fẹ́ bi."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò onímọ́tò, tí a ń wo ara wa bí àjèjì. Mo ro gbogbo bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sórí fóònù, mo rò ó pé bóyá àwọn aláwàdà ti pè é. Òun náà ń ro tèmi. Ohun tó wá burú jù ni pé nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi. Màá jókòó sídìí ẹ̀rọ, màá tún ọ̀sán yẹn rò láti ìbẹ̀rẹ̀: omi, fèrèsé, páànù, àgbálùmọ̀, ẹ̀rín. Ṣé kò sí nǹkan kan tó bọ́ lẹ́nu mi nígbà tí ẹ̀rín ń pa mí? Ìfura dà bí eruku ọyẹ́, bí o bá ti ilẹ̀kùn, á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Agùntáṣọọ́lò ń pe Ìyá lórí fóònù, wọn kò gbé e. Ó pe ọkọ mi, ọkọ mi ní kó wá fúnra rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ló dé, ọkọ̀ rẹ̀ dúdú bí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn sì ti yí i ká láti yàwòrán kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún wọn, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Dìde, kí eruku má bà ọ́ láṣọ jẹ́."

"Ìyá, eré ni. Ẹ má bínú. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, kì í ṣe ìwọ̀sí."

"Mi ò bínú sí ọ. Wọ́n bú ìwọ náà." Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹni tó sọ fún wọn ni mo fẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí n tó kú."

Ó wo ojú wọn, ó wo ojú ọkọ mi, ó wo tèmi. Mo rí i pé kò yé e. "Ẹni tó sọ fún wọn báwo? Èmi ni mo sọ fún wọn."

Ọ̀rẹ́ mi, ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ka àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tó ka ẹni tó tọ̀ ọ́. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ ìdí ara rẹ̀ lójà? Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: kí wọ́n tó ṣe ètò, wọn á jókòó ti ẹni tí wọ́n fẹ́ bú, wọn á ní kó sọ èyí tí wọ́n lè fi ṣeré nínú ìtìjú rẹ̀. Bí kò bá fún wọn ní nǹkan kan, wọ́n á lọ wá èyí tó burú jù. Ọmọbìnrin náà kàn wá wo òrùlé ni, kó lè mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Mo fún wọn ní èyí tí kò dùn mí mọ́."

Ìyá mirí. "Kò dùn ọ́ mọ́. Èmi ńkọ́? Ta ló bi mí bóyá ó ṣì ń dun èmi? Ìwọ lo tọ̀ ọ́, èmi ni mo pa irọ́. Irọ́ mi lo gbé fún wọn, kì í ṣe ìtọ̀ rẹ."

Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó ní, "Ṣé ẹ ò wá wo ìparí ni? Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ?" Ó yọ fóònù jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó fi hàn wọ́n. Gbogbo wa na ọrùn. A rí òun fúnra rẹ̀ tó gba máìkì lẹ́yìn tí gbogbo aláwàdà ti ṣe tán. Ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní obìnrin kan wà tó sọ ara rẹ̀ di òpùrọ́ lójú àdúgbò kí òun lè gbórí sókè láàárín ẹgbẹ́ òun, pé gbogbo àga tí òun ń jókòó sí lónìí, omi tí obìnrin yẹn bù láàárọ̀ kùtùkùtù ló gbé òun dé ibẹ̀. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin oníṣòkòtò pupa ń nu ojú.

Ìyá wò ó tán. Wọ́n dá fóònù padà fún un. "Wọ́n pàtẹ́wọ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná."

Mo rí i pé omi lé ròrò sójú Agùntáṣọọ́lò, mo sì káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, bí mo ṣe ń káàánú rẹ̀ ni mo ń rò ó pé, ọ̀rọ̀ dídùn tó sọ níkẹyìn yẹn, ṣé òun ló rò ó tàbí àwọn ló bá a kọ ọ́ sílẹ̀? Nígbà tí èébú ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ṣáájú, kí ló fi hàn pé wọn kò kọ ẹkún náà? Mi ò bi í. Ó bá wa jẹun lọ́jọ́ náà, ó fún àwọn ọmọ ní bisikíìtì, ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ ti rù," mo ní iṣẹ́ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún un ohun tí ojú mi rí.

Kò sí ẹni tó bẹ èmi náà. Ọkọ mi kàn ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá jókòó sínú yàrá wọn ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nírọ̀lẹ́ wọ́n jáde, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, wọ́n ní, "Kí lo sè?" Mo ní ilá ni. Wọ́n ní kí n bu tiwọn. Ààrò kékeré yẹn padà sínú àjà. Ní ilé wa, ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ó sì pọ̀ ju bí àgbà ṣe máa ń bẹ ìyàwó ilé lọ. Mo gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ti rí i bí ojú gbogbo ilé ṣe máa ń yára tó láti yí sí ẹni tó ti ìta wọlé.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Ìyá nìkan la jókòó lẹ́yìn ilé, tí a ń bó ẹ̀gẹ́. Láìsí pé mo béèrè nǹkan kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, ọ̀rọ̀ kan nípa ara wọn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge ní Ìjàyè, kí wọ́n tó fẹ́ bàbá ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó ju ti òrùlé lọ ní ìlọ́po. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Ọkọ rẹ kò mọ̀. Èkejì rẹ̀ tó ń ṣe fíìmù kò mọ̀." Wọ́n sì mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi, mi ò ní sọ ọ́ fún ọ, bí o tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà míràn mo máa ń rò ó pé bí wọ́n ṣe fẹ́ tọ́jú ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí mi lára nìyẹn, pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn dá mi padà sínú ilé. Nígbà míràn, bí ìfura bá tún gbé mi, mo máa ń rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́ rárá, pé ńṣe ni wọ́n jù ú sílẹ̀ láti wò ó bóyá yóò jáde síbì kan. Àwọn kan ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń fi eré sọ. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà yẹn, bí èèyàn bá fi àṣírí lé mi lọ́wọ́, mo máa ń gbà á bí ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ, inú mi á dùn, ẹ̀rù á sì bà mí. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni Ìyá fún mi, mo dúpẹ́. Bó bá sì jẹ́ ìdẹ, kò ní rí ẹja mú.